Ìgò tí Màmá Àgbà Ń Tẹ́ Sùn

Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ ìgò náà rárá: òórùn ṣúgà tó jóná, pẹ̀lú èéfín igi díẹ̀, tí í dédé kún pálọ̀ wa ní Ìpótì lọ́sàn-án ọyẹ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dáná. Bí ó bá ti ta sí màmá àgbà nímú, yóò gbé oúnjẹ rẹ̀ wá sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, yóò jókòó, yóò sì máa jẹun.

"Bàbá rẹ ti wọ ulé," ni yóò wí fún mi. "Kí i."

Èmi a sì kúnlẹ̀ kí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìgò wisikí kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ìda pupa bo kọ́ọ̀kì tó dí ẹnu rẹ̀. Bàbá àgbà, tó ṣe olùkọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ló gbà á lọ́wọ́ òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n jọ kọ́ni nígbà èwe wọn. Ó sọ fún màmá pé ogún ọdún ni ọtí náà fi sùn nínú àgbá igi tí wọ́n ti fi iná sun inú rẹ̀. Pé ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n ti di ahoro, a kò sì lè rí irú rẹ̀ mọ́ àfi lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o pamọ́ bí ohun ìṣúra. Ó ní lọ́dọọdún ni ọtí inú àgbá máa ń dín láìjẹ́ pé ó jò, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ a sì máa sọ pé áńgẹ́lì ló mu ún. Wọn kò ṣí ìgò náà títí bàbá àgbà fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú ni màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ sùn nírọ̀lẹ́, tí ó ń fi ìró bò ó, tí ó sì ń gbé e dìde láàárọ̀, nítorí a kì í fi àgbà sílẹ̀ lórí ìdúró. Ọtí náà sì ń dín.

Ní Kérésìmesì kan, àbúrò bàbá mi dé láti Èkó. Ó ya ìgò náà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń ra irú rẹ̀. Ẹni náà fèsì pé títẹ́ tí à ń tẹ́ ẹ ló ń jẹ́ kí ọtí jẹ kọ́ọ̀kì, pé ibẹ̀ ló ń gbà lọ, àti pé bí ó bá tún dín, kò sẹ́ni tí yóò rà á mọ́.

"Ẹ ò rí i, Màmá? Kọ́ọ̀kì ló ń mutí, kì í ṣe bàbá wa."

"Èmi mọ ẹni tó ń bá mi jẹun," ni màmá dáhùn. "Ìwọ ńkọ́, ta ló ń bá ọ jẹun l'Ékòó? Fóònù!"

Àbúrò bàbá mi ní òun yóò padà wá gbé e ní Àjíǹde, ó sì rọra bẹ̀ mí pé kí n bá òun dí ẹnu rẹ̀ pa. Mo gbà kíá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nílé ẹ̀kọ́ bí omi ṣe ń di ooru lọ ni, mo sì gbà pé kò sí ohun tó kù tí n kò mọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Nígbà tí màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo yọ́ àbẹ́là yí ẹnu ìgò ká, mo sì kán ìda kan sí ara ìgò náà láti sàmì ibi tí ọtí dé.

Òórùn náà dá. Màmá á gbé oúnjẹ wá sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, á dúró títí, á tún gbé e padà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje, ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń lọ lọ́fun rẹ̀.

"Kí ni mo fi ṣẹ bàbá rẹ?" ni ó bi mí. Èmi tí mo mọ̀ kó àwo rẹ̀ lọ fọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹsàn-án, mo mú ọ̀bẹ láti lọ ha ìda náà kúrò. N kò tíì dé pálọ̀ tí òórùn ṣúgà jíjóná fi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Màmá sọ̀rọ̀ láti yàrá rẹ̀: "Ó ti dé. Bu oúnjẹ mi wá." Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìda àbẹ́là náà pé pérépéré, kò sán níbì kankan. Ọtí sì ti fi ìbú ìka kan sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àmì mi. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kí n kúnlẹ̀.

Nígbà tí àbúrò bàbá mi padà dé ní Àjíǹde, ó wo ìgò, ó wò mí, ó sì padà sí Èkó láìgbé ìgò náà. Mo ṣì gba ohun tí ẹni tó fẹ́ ra ìgò náà sọ nípa kọ́ọ̀kì gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ọwọ́ màmá ti ń gbọ̀n báyìí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èmi ni mo ń tẹ́ ìgò náà sùn.