Ilé Tó Mọ́ Jù

Nígbà tí omi ya wọ ilé ìyá aránṣọ, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní àwọn máa rán ẹnì kan wá wo ohun tó bàjẹ́. Ṣé inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò ni? Ìyá gbá ẹrẹ̀ dànù, ó kó àga tó ti jẹrà lọ sí ààtàn, ó sì fi ọ̀dà funfun kun ògiri.

Ọ̀gbẹ́ni náà dé, ó wò yíká.

"Mà, ilé yín mà mọ́ o! Ibo lomi ọ̀hún bà jẹ́?"

Ìyá fọwọ́ lé àyà. "Ó mù mí débí."

"Mi ò rí àmì kankan, mà."

Ọdọọdún ni ìyá ń jẹ ọbẹ̀ tí ò lẹ́ran kó lè rí owó wọn san. Ó kọjú sí ògiri funfun náà, àfi bí ẹni tó ń bẹ omi pé kó padà wá ṣe ẹlẹ́rìí òun.