Eyín Tí Mo Fá Bí Ẹni Ń Fá Ilẹ̀kùn

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n so yìgì ọmọ mi obìnrin, n kò lè jókòó lójú kan. Mà á wọ ṣọ́ọ̀bù, mà á tún jáde. Mà á mú ayùn, mà á tún gbé e sílẹ̀. Ìyàwó mi ní àfi bíi pé ìjàlọ wọ̀ mí ní ṣòkòtò. Kì í ṣe ìjàlọ, eyín ni. Eyín òkè ẹnu mi ti ká tán láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n sì ti bá mi ṣe àtọwọ́dá ní ilé ìtọ́jú eyín kan ní Àgọ́-Ìwòyè, funfun báláú, tí mo ń fi í yangàn káàkiri Ìjẹ̀bú-Igbó. Eyín yìí kan náà ló wá gbógun ti erìgì mi.

Ẹ̀bi mi ni, mi ò ní purọ́. Dókítà tó ṣe é ti kìlọ̀ pé bí mo bá fẹ́ sùn, kí n máa yọ ọ́, kí n rẹ ẹ́ sínú omi tó mọ́, kí erìgì lè sinmi. Èmi ò yọ ọ́. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn láàárọ̀ kùtù ńkọ́? Gààrí náà tún dá kún un. Ta ni ọmọ Ìjẹ̀bú tí yóò rí gààrí kíkan, omi tútù àti ẹ̀pà, tí yóò ní òun ò mu? Hóró gààrí á yọ́ wọ abẹ́ eyín, á máa ha erìgì lábẹ́ ibẹ̀, èmi ò sì ní yọ eyín fọ̀. Nígbà tó yá, egbò yọ lápá ọ̀tún, ibẹ̀ pọ́n bí ata. Ìyàwó mi ní kí n bọ́ eyín sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí n máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre. Mo lọ gún kànáfùrù, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò. Ó ta mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú. Nínú ẹ̀sìn wa, bàbá ìyàwó ni wòlíyù, òun ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́ níwájú àwọn ẹlẹ́rìí. Àwọn àna wa ń bọ̀ láti Ìbíadé, èèyàn ńlá ni wọ́n, wọn ò sì tíì rí mi láìsí eyín rí. Bí kò bá sí eyín lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ mi a máa dà bíi ti ẹni tó fi ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu. Ọmọ obìnrin kan ṣoṣo tí mo bí nìyí. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn já gaara.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ti ń ṣe láti kékeré. Tí ilẹ̀kùn bá ń há, a ó fi ṣọ́ọ̀kì kun etí férémù, a ó pa ilẹ̀kùn dé, ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá lẹ̀ mọ́ lára ilẹ̀kùn la ó fá. Mo ronú pé kí ni eyín fi yàtọ̀? Mo ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ra, mo bu fùláwà díẹ̀ sójú egbò, mo ki eyín bọ̀ ọ́, mo tún yọ ọ́, mo sì rí ibi tó funfun. Mo ní ṣebí ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Mo fa sándípépà yọ, èyí tó kúnná jù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá a.

Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi gbádùn, mo ń pe ara mi ní ọ̀gá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Eyín ò di ẹnu mú mọ́. Bí mo bá ń jẹun, á máa lọ, á máa bọ̀, ibi tí kò dùn mí tẹ́lẹ̀ náà wá bó. Níbi tí mo ti ń bá obìnrin kan nájà àga, eyín fò jáde lẹ́nu mi, ó bọ́ sínú iyẹ̀ igi. Obìnrin náà ní òun ń bọ̀. Kò padà wá títí dòní.

Ó wá di dandan kí èmi àti ìyàwó mi gba Àgọ́-Ìwòyè lọ. A ò tíì dé Òrù tí mo ti ń bi dírẹ́bà bóyá jíà kan ṣoṣo ló wà nínú mọ́tò rẹ̀. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, yí eyín náà síwá sẹ́yìn, ó béèrè ẹni tó fá a. Kí n tó lanu, ìyàwó mi ti nawọ́ sí mi, ó ní káfíńtà ni, ó rò pé ilẹ̀kùn ni. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní eyín ti bàjẹ́, tuntun ni òun máa ṣe, òun ò sì lè wọn ẹnu mi àfi tí egbò bá jinná. Kò lè bá yìgì mọ́. Mo ní kó kúkú bá mi fá apá kejì kó lè dọ́gba.

"Bàbá," ó ní, "ilẹ̀kùn tó bá wú, ẹ lè fá a. Erìgì lèyí, ẹran ara ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi, á lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀."

Omi iyọ̀ ló ní kí n máa fi yọ ẹnu, ohun tí ìyàwó mi ti sọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí n yé fi kànáfùrù kan egbò, kí n sì máa jẹ ohun tó rọ̀. Mo ń retí kí ìyàwó mi bú mi, torí bí inú bá ń bí i, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi ń wẹ̀ mí. A délé, ó wọ ilé ìdáná lọ. Ìkọ́kọrẹ́ tó rọ̀ dáadáa ló sè fún mi, ó gbé e síwájú mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo bá lọ bẹ àbúrò mi ọkùnrin pé kó dúró fún mi lọ́jọ́ yìgì. Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, gbọ́ ọ, ó sì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣàlàyé fún un pé ojú ń tì mí, mi ò fẹ́ kí àwọn àna fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Bàbá, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ máa fà mí fún wọn, ẹ ní kí wọ́n má wulẹ̀ kúrò n'Ìbíadé."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí, torí mo mọ̀ ọ́n: orí kunkun mi ló jogún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, egbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Síbẹ̀, mo di eyín fífá náà sínú áńkáṣíìfù, mo kì í bọ àpò. Ní gbogbo àsìkò tí Áfáà fi ń ṣe wàásù, ọwọ́ mi ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó pè mí, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ eyín sẹ́nu. Bísímílàhì nìkan ni mo tíì pè tó ti ré bọ́ sórí ahọ́n mi. Mo tu ú sọ́wọ́ níṣojú gbogbo èèyàn. Mo fi ọwọ́ kejì bo ẹnu, mo ní mo fi ọmọ mi fún ọmọ wọn ní aya. Áfáà ní àwọn ẹlẹ́rìí ò gbọ́, kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, ó tún burú sí i. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn àna. Áfáà bojú wo àbúrò mi, àbúrò mi sì ti ń dìde.

Ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ nídìí yìgì ní ọ̀dọ̀ wa. Láàárín àwọn obìnrin, ọmọ mi gbóhùn sókè.

"Ẹ jókòó, Bàbá kékeré. Mo gbọ́ bàbá mi."

Àbúrò mi jókòó. Mo mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu, mo sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.