Ìkòkò Tó Wà Létí Ìsun

Igbe ni mo gbọ́ láti ọ̀nà odò, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn àlejò mi ni. Iṣẹ́ mi nìyẹn ní Ìkàrẹ́ nígbà náà. Òyìnbó ti gba ìlú, ogun ti kúrò lójú ọ̀nà, àwọn Ìgbìrà sì ń wọlé wá dáko tìyàwó tọmọ. Torí pé mo bá ìyá mi ná ọjà Òkéènè ní kékeré, tí mo gbọ́ èdè wọn, Baálé àdúgbò wa, bàbá ọkọ mi, ní èmi ni kí n máa tọ́jú wọn. Mo ń bá wọn wá ilé, mo ń fi ọ̀nà oko hàn wọ́n, mo ń parí ìjà wọn. Ìyá Àlejò ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni pé èmi ni mo bí gbogbo wọn. Àwọn ọmọ ọmọ mi rò pé orúkọ àbísọ mi ni.

Mo bá Asímáwù létí ìsun, ọmọ tuntun lẹ́yìn rẹ̀, ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ràbí, àgbà àwọn obìnrin odò, dúró dí i lọ́nà.

"Ìyàwó, wá wo ohun tí àlejò rẹ ṣe! Ìkòkò ọbẹ̀ ló tì bọ inú ìsun!"

Òótọ́ ni. Ìdí ìkòkò náà dúdú kirikiri. Ní tiwa, ohun tó bá ti gun ààrò kì í kan ìsun. Wọ́n ní omi á bínú, á sá wọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn sì nìyẹn, ìsun yẹn nìkan ló kù fún gbogbo àdúgbò.

"Ẹ̀yin ìyá, ta ló sọ fún un?"

"Ta ló ń sọ irú ẹ̀ fún èèyàn? Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n!"

"Ọmọ ọwọ́ Ìkàrẹ́ ni."

Wọn ò gbọ́. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ pọn omi níbẹ̀ mọ́.

Mo lọ bá Sùlé, ọkọ rẹ̀, pé kí wọ́n wá bẹ àwọn àgbà. Òun náà tún bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó ti ń di ẹrù.

"Ìyá Àlejò, à ń lọ sí Ọ̀kà. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀."

"Ọ̀kà tó wà lórí àpáta? Ṣé òkúta lẹ ó máa fún mu lẹ́ẹ̀rùn?"

"Wọ́n bú ìyàwó mi."

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé ni wọ́n ti ń bú èmi náà. Ṣé mo di ẹrù?"

Bẹ́ẹ̀, ó ti kọ ebè tí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Tó bá lọ, gbogbo rẹ̀ di ti ẹlòmíràn.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù ọjọ́ díẹ̀, èmi ni mo sì wá ń pín omi ilé mi fún wọn. Orí mi gbóná. Lọ́jọ́ kan, Asímáwù bi mí pé, "Irú ìkòkò wo gan-an ni omi yín ń fẹ́?"

"Èyí tí kò gun ààrò rí."

"Ẹ mú mi lọ síbi tí amọ̀ wà."

Inú bí mi. Òùngbẹ ń gbẹ ilé rẹ̀, amọ̀ ló fẹ́ fi ṣeré! Mo ṣáà mú un lọ. Àṣé amọ̀kòkò ni, kò sì sí ẹni tó bi í. Ó mọ ìkòkò, ó sá a, ó fi koríko sun ún, ó gbé e lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ràbí. Mo ń túmọ̀ fún un.

"Ó ní kó máa wà létí ìsun, kí àlejò tó ń bọ̀ má baà ṣi ìkòkò mú."

Ìyá Ràbí yí i padà, ó wo ìdí rẹ̀, ó fi ìka kàn án. Ó dún gbọnrangandan.

"Kò dára tó tiwa," ló wí. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló fi bu omi, ó sì rọ ọ́ sínú agbè Asímáwù. Sùlé tú ẹrù.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa. Àwọn tó pariwo ọjọ́sí kò mú igbá wá sódò mọ́, ìkòkò àlejò ni wọ́n ń jà dù. Kò pẹ́, Ìyá Ràbí dé ẹnu ọ̀nà mi, ojú rẹ̀ le.

"Ìyàwó, sọ fún Ìgbìrà rẹ pé ìkòkò wa ti fọ́. Ìgbà wo ló máa mọ òmíràn?"

"Ìkòkò ta?"

"Ìkòkò wa! Àbí o ò gbọ́ ni?"

Mo gbọ́. Mo kùn díẹ̀, mo wé gèlè mi, mo tún gba ọ̀nà ilé Asímáwù lọ.