Sìsítà Eladia kò fẹ́ ṣí géètì ihò omi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Eladia Cupul, kó lọ bá a láàárọ̀ Sátidé lẹ́nu ọ̀nà ahoro ìlú wa, níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì àwọn àlejò. Yóò bá a nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú aláràbarà ṣe òdòdó sí lọ́rùn, agboòrùn lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ le bí ojú ìyá tí ọmọ rẹ̀ pẹ́ dé láti odò. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Ojú tó ní nìyẹn. Fidencio ọkọ rẹ̀, tó ti dolóògbé, máa ń sọ pé ìdí tí òun fi fẹ́ ẹ ni pé ojú yẹn kò lè purọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó mú àwọn àlejò gba àárín àwọn ilé òkúta tí àwọn baba ńlá wa kọ́, kó mú wọn lọ wẹ̀ nínú ihò omi abúlé wa, kó sì wá kó wọn fún èmi Abundio, tí mò ń sun ẹlẹ́dẹ̀ nínú kòtò lẹ́bàá ihò omi náà, kí wọ́n jẹun. Àwa méjèèjì la jọ ń jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Alàgbà ni mí níbẹ̀.

Ihò omi wa jìn. Orí àtẹ̀gùn igi lèèyàn ń gbà sọ̀kalẹ̀ kó tó kan omi, omi náà sì tutù bíi yìnyín, kódà nínú oṣù karùn-ún tí oòrùn ń sun ewé gbẹ lórí igi. Ní abúlé wa, kò sẹ́ni tó ń fi ara gbígbóná wọ omi tútù. Ẹni tó ti oko dé á jókòó kí òógùn gbẹ. Obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí agbada àkàrà àgbàdo kì í ki ọwọ́ bọ omi. Òtútù á bá ooru pàdé nínú ara, á sì dá èèyàn dùbúlẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí wa bá a nìyẹn.

Abúlé ní ohun tó pa Fidencio nìyẹn. Ó ti oko àgbàdo dé lọ́sàn-án gangan, ó bẹ́ sómi, ibùsùn okùn la fi gbé e wálé. Dókítà kan ní ìlú Valladolid sọ pé ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀, pé àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Eladia kò gbà. Láti ìgbà náà, àlejò yòówù kó kó wá, abẹ́ igi ló ń kọ́kọ́ mú wọn jókòó sí, á fún wọn ní omi ọsàn wẹ́wẹ́, á máa sọ ìtàn fún wọn títí òógùn á fi gbẹ lára wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà.

Ìgbà tí iléeṣẹ́ tó ń kó àlejò wá rán ọ̀gá kan tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì ni wàhálà dé. Iturbe lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tí lọ́fínńdà ń ta sánsán lára rẹ̀. Ó fẹ́ wò ó bóyá kí bọ́ọ̀sì ṣì máa yà lọ́dọ̀ wa, àbí kó máa lọ sí ihò omi ńlá ẹ̀bá títì, níbi tí wọ́n kọ́ ilé oúnjẹ sí. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní abúlé pé bí bọ́ọ̀sì ò bá yà mọ́, àwọn ọmọ wa á kó lọ sí etíkun, wọ́n á máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì. Ìdí kòtò mi ni mo ti gbàdúrà láàárọ̀ ọjọ́ náà: "Olúwa, má jẹ́ kí Eladia ṣorí kunkun lónìí."

Bọ́ọ̀sì pẹ́ dé. Nígbà tí wọ́n fi máa kúrò ní ahoro, oòrùn ti dé àtàrí. Àwọn àlejò pọ́n bí ata rodo. Wọ́n dé ẹnu ihò omi, wọ́n ti ń bọ́ bàtà, ni Eladia bá nawọ́ sí abẹ́ igi.

"Ẹ jókòó ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Omi ò sá lọ."

Ọkùnrin onírungbọ̀n kan ní, "Ìyá, bí mo bá tún pẹ́ sí i nínú ooru yìí, màá jinná o! Bàbá yẹn á kó mi mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rín in. Iturbe ò rẹ́rìn-ín. Aago ló ń wò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí géètì."

"Ara wọn ṣì gbóná."

"Kí ara wọn lè tutù ni wọ́n ṣe fẹ́ wẹ̀ kẹ̀! Kí ni omi wà fún?"

"Ìwọ ọmọ yìí, wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

"Ẹ̀rọ amúlétutù la ní nílé tiwa, Màmá."

Teódulo, olórí abúlé wa, fà mí lápá. "Alàgbà, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Tiyín ló ń gbọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ẹ ṣáà lọ!"

Mo lọ bá a. "Sìsítà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ọwọ́ Ọlọ́run la wà."

Ó wò mí. "Lọ́jọ́ tí Fidencio bẹ́ sómi ńkọ́, Alàgbà? Ọwọ́ ta ló wà?"

Létí ibojì, bí ẹ̀ẹ̀melòó kan ni mo ti wàásù pé ọwọ́ Ọlọ́run la wà, mo sì gbà á gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo dúró kí Ẹ̀mí Mímọ́ fi èsì sí mi lẹ́nu. Kò fi nǹkan kan sí i. Mo kàn ń mi orí bí aláǹgbá.

Ó tú kọ́kọ́rọ́ létí aṣọ, ó sọ ọ́ sí Iturbe lọ́wọ́. "Gbà. Ìwọ ṣí i. Ọwọ́ tèmi kọ́ ló máa ṣí i."

Wọ́n wẹ̀. Wọ́n bẹ́, wọ́n pariwo, onírungbọ̀n léfòó bí igbá. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ sín. Wọ́n jáde wá, wọ́n jẹ ẹlẹ́dẹ̀ mi tán porogodo. Iturbe jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ata ń mú un sunkún. Ó nu ẹnu, ó ní bọ́ọ̀sì á ṣì máa yà.

"Ṣùgbọ́n amọ̀nà tí kì í ṣílẹ̀kùn, amọ̀nà wo nìyẹn? Bí wọ́n bá ti dé ni kó máa ṣí i. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì."

Teódulo ń dúpẹ́ títí ojú fi ń tì mí.

Bọ́ọ̀sì lọ tán, mo lọ bá Eladia lábẹ́ igi. Mo ní ká dúpẹ́, ewu kankan ò wu ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ìtùnú ni mò ń sọ.

"Ẹ má dúpẹ́ sí mi létí!" "Gbogbo wọn lara wọn gbóná, gbogbo wọn ló wọ omi, omi ò ṣe arúgbó inú wọn pàápàá ní nǹkan kan. Bí kì í bá ṣe omi, kí ló wá pa ọkọ mi?"

"Sìsítà, dókítà ní..."

"Mo mọ ohun tí dókítà ní! Láti ìgbà òjò ló ti ń di àyà mú. Mò ń se ewé fún un, ẹ̀yin ń gbàdúrà lé e lórí. Ta nínú wa ló ní ká gbé e lọ sílé ìwòsàn?"

Mo jókòó tì í.

Ó padà síṣẹ́ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, torí ta ni abúlé tún ní? Ó ń ṣí géètì báyìí bí wọ́n bá ti dé, òógùn lára wọn. Á ní kí wọ́n jókòó, wọn kì í jókòó. Á wá dá jókòó sábẹ́ igi, á kẹ̀yìn sí ihò omi, títí wọn á fi máa gòkè bọ̀. Nígbà náà ló ń dìde lọ sórí àtẹ̀gùn, á di ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó jẹ́ kó kọjá. Àwọn àlejò rò pé ó ń kí wọn ni, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín sí i. Mi ò mọ ohun tó ń wá lára wọn, mi ò sì tíì rí ẹnu béèrè.