Ìyá Oníbàtà àti Ọmọ Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n

Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ létí mi o. Obìnrin tó ń dá tọ́jú ọmọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láti aago méjì ọ̀sán títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́! Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kí olúwarẹ̀ kọ́kọ́ wá tọ́jú méjì péré nínú wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ká wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ á ṣì dùn.

Ìyá Oníbàtà ni àwọn òbí ń pè é. Yàrá méjì ni ilé ìtọ́jú tó ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan: ọ̀kan fún eré àti iṣẹ́ àṣetiléwá, ọ̀kan tí wọ́n kó tìmùtìmù sí fún àwọn tí oorun bá ń kùn. Bí ọmọ bá ti kíláàsì dé, yóò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Oníbàtà á sì tò ó sórí pákó gígùn kan tó wà lára ògiri. Ibẹ̀ ló ti ń mọ iye ọmọ tó kù nílẹ̀. Orí ọmọ kì í dúró lójú kan kéèyàn kà á. Ẹni tí o kà nídìí fèrèsé á tún ti wà lábẹ́ tábìlì. Bàtà ní tirẹ̀ kì í sáré. Bí pákó bá ti ṣófo, ilé ti ṣófo nìyẹn. Ọdún méjì ló fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì já a kulẹ̀ rí.

Wọn ò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣá o. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, òun àti ìyàwó télọ̀ kan ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ọ̀kan á máa fi ọmọ lé òbí lọ́wọ́, ìkejì á máa mójú tó àwọn tó kù. Òfin ìjọba ló wí bẹ́ẹ̀, pé òṣìṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ tọ́jú ju ogún ọmọ lọ. Ìyàwó télọ̀ lóyún, ó bímọ, kò padà wá mọ́. Màdáámù tó ni ilé ìtọ́jú náà ní òun ń wá ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún.

Màdáámù yìí kì í pariwo mọ́ èèyàn. Ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Ó ní kí Ìyá Oníbàtà ṣáà máa kọ orúkọ ìyàwó télọ̀ sínú ìwé iṣẹ́ lójoojúmọ́, kó sì máa bá a buwọ́ lù ú, kí ojú ìwé má baà ṣófo bí àwọn ìjọba bá dé. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni, ó tún fi "ẹ̀gbọ́n mi" kún un. Ìyá Oníbàtà kọ ọ́. Àìmọye ìgbà ló bẹ Màdáámù pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, pé kó jọ̀ọ́ gba ẹnì kejì. Tó bá bẹ̀bẹ̀ tán, á tún mú bírò, á kọ ọ́. Ibẹ̀ ni inú ti ń bí mi sí i. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ kò lè gan sójú kan ni? Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, kò bímọ, kò níṣẹ́ mìíràn, àwọn ọmọ yẹn sì ni gbogbo ohun tó ní láyé. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbà wọ́n lọ́wọ́ òun.

Nínú gbogbo wọn, ọmọ nọ́ọ̀sì kan ló sún mọ́ ọn jù. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ọmọbìnrin, ibi gbogbo ló sì lè sùn sí. Olóorun ni Ìyá Oníbàtà ń pè é. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tètè dé, òun náà ló sì sábà máa ń kẹ́yìn. Ìyá Oníbàtà á jókòó tì í, á máa pàlọ́ fún un títí nọ́ọ̀sì á fi dé, nọ́ọ̀sì á sì máa dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn.

Ní ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, bàtà tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ Olóorun. Ọmọkùnrin kan tó dàgbà jù ú lọ ti ń fi dẹ́rù bà á láti kíláàsì pé òun á gba bàtà náà. Nígbà tí Olóorun dé ilé ìtọ́jú, kò fi bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ ọ, ó tì í sínú báàgì, ó gbé báàgì náà wọ yàrá oorun, ó fi ṣe ìrọ̀rí lẹ́yìn àwọn tìmùtìmù tí wọ́n gbé dúró ti ògiri. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ.

Ìyá Oníbàtà kò rí i, torí pé ọmọ kan ń bì, ó sì ti bì sára ọmọ méjì mìíràn. Ó ń nu tibí, ó ń nu tọ̀hún. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà, àwọn òbí ti kún ẹnu ọ̀nà, oníkálukú ń fa ọmọ tirẹ̀ jáde, ẹni tó rántí ló buwọ́ lùwé. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ìyá Oníbàtà gbójú sókè, kò sí bàtà kankan lórí pákó. Ó rò pé nọ́ọ̀sì tètè dé lónìí ni. Ó tilẹ̀ dùn ún díẹ̀ pé Olóorun kò dágbére. Ó pa iná, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sílé.

Ní nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nọ́ọ̀sì dé, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú ilé tí wọ́n tì pa. Ó pe Màdáámù lórí fóònù, Màdáámù pe Ìyá Oníbàtà, ìyẹn sì sáré dé tòun ti sílípáàsì lẹ́sẹ̀ kan. Nígbà tó fi máa ṣí ilẹ̀kùn, ọmọ náà ti tọ̀ sára, ohùn rẹ̀ ti há, ó sì ti fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn títí ọwọ́ náà fi wú. Ìyá Oníbàtà na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà figbe ta, ó sì fi ojú pamọ́ sí ọrùn ìyá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kò bú u. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ẹ̀yin ni mo fọkàn tán níbí, Mà."

Ní ọjọ́ kejì, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ wá wádìí ọ̀rọ̀ náà tó dé, Màdáámù ti dé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò le: kí Ìyá Oníbàtà sọ pé àwọn méjì ni wọ́n wà níbẹ̀, pé ìyàwó télọ̀ ló jáde láìdágbére. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bọ́. Ìyá Oníbàtà rò ó wò. Bí òun bá purọ́ yìí, òun nìkan ni wọ́n á tún fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún, lọ́la ọmọ ẹlòmíràn lè kú síbẹ̀. Bí òun bá sòótọ́, ìjọba á fi dandan lé e kí wọ́n gba ẹnì kejì. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ó sòótọ́ fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bi tirẹ̀, pé bàtà lòun kà, òun kò ka orí.

Ọkùnrin tí ìjọba rán wá náà ṣí ìwé iṣẹ́. "Ta ló ń kọ orúkọ kejì yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹ bá a buwọ́ lùwé fún ọdún méjì?"

Ó ní wọ́n ní kí òun kọ ọ́ ni. Ọkùnrin náà kọjú sí Màdáámù. Omi ti lé ròrò sí Màdáámù lójú. Ó ní òun kì í sábà wà níbẹ̀ lọ́sàn-án, pé òun fi ẹ̀gbọ́n òun yìí ṣe ẹni tó ṣeé gbára lé, àṣé irọ́ ló ń kọ fún òun. Wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ó dáa, ta ló ní kí ìka náà kọ̀wé? Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sì sí ọ̀rọ̀ Màdáámù nínú ìwé. Ọwọ́ ìkọ̀wé Ìyá Oníbàtà nìkan ló wà níbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Wọ́n kìlọ̀ fún Màdáámù. Ní ti Ìyá Oníbàtà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú ọmọdé.

Nígbà tó ṣe, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, wọ́n ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Ta ló bá nídìí ẹ̀rọ? Nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì kí i, ó we aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ó ní òun ṣì ń mú ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú yẹn, òun kò rí ibòmíràn.

"Wọ́n ti gba èèyàn sípò yín, Mà," ló wá sọ. "Ẹni méjì ni."

Ìyá Oníbàtà ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn nínú lóòótọ́, ó sì dùn ún wọ eegun. Ó béèrè bóyá Olóorun ṣì ń sùn dáadáa.

"Kì í sùn níbẹ̀ mọ́. Ìdí ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí títí màá fi dé. Wọ́n ní kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

Ìyá Oníbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé kó dákẹ́, pé ẹ̀rọ kò lè ka ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń sunkún. Ó gbìyànjú láti dákẹ́, kò ṣeé ṣe, ni nọ́ọ̀sì bá tú aṣọ ẹ̀rọ náà lápá rẹ̀, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn.