Kẹ́nẹ̀lì Tí Kò Mọ Bí Iná Ṣe Ń Dé ní Jos

Ní ọdún 1988, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ọ́fíìsì wa ní Jos, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un ju ọ̀gá lọ. Yàrá tirẹ̀ ní kápẹ́ẹ̀tì. Ti ọ̀gá kò ní. Bí ọyẹ́ bá dé, tí òtútù mú débi pé àwọn ewúrẹ́ àdúgbò Jenta Adamu ń wo súwẹ́tà lára ènìyàn bí ẹni fẹ́ yá a, kọ̀ǹpútà yìí ní aṣọ ìbora tirẹ̀, àwa ń gbọ̀n. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni Keziah Adégbìtẹ́, ọmọ akọ̀wé rélùwéè kan láti Ìkìrun. Jos ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Hausa ju àwọn tó ni Hausa lọ, àdúrà nìkan ló máa ń fi Yorùbá gbà, nítorí ó ní Ọlọ́run bàbá òun kò gbọ́ èdè mìíràn.

Taipíìsì ni tẹ́lẹ̀. Ọdún gbọọrọ ló fi tẹ lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, òun ló ń bá wọn mọ̀ ọ́n. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ní kí ẹnì kan lọ kọ́ ọ ní Kaduna, kò sí ọkùnrin kan nínú wa tó gbà láti lọ. Keziah gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ó padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ kan lẹ́nu, a kò sì mọ ohun tó ń rín sí.

Kòtò ni iṣẹ́ wa. Àwọn tó wa tánganran kúrò nílẹ̀ Jos fi kòtò sílẹ̀ káàkiri, omi kún inú wọn. Àwọn awọnlẹ̀ wa ń lọ wọn ibi tí kòtò kọ̀ọ̀kan wà àti bó ṣe jìn tó, kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé, tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ pọn omi, lè mọ ibi tí ilẹ̀ ti já. Hàbíbátù, ọmọbìnrin Ìlọrin kan tó ń gbé ní Nasarawa Gwong, ló ń tẹ ohun tí wọ́n bá wọ̀n sínú kọ̀ǹpútà.

Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dè mọ́ inú àpótí tà. Olùkọ́ yunifásítì kan lókè òkun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Wọ́n fi gbogbo kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí wọ́n fi kọ ọ́, síta, wọ́n ní kí ẹni tó bá rí àṣìṣe tún un ṣe, kó sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí àwọn. Keziah fẹ́ràn èyí ju owó oṣù lọ. Ibi tó wù ú jù nínú ètò náà ni àárín gbùngbùn rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kẹ́nẹ̀lì. Òun ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn, tó ń gbé e fún irin, tó sì ń mú èsì padà wá. Keziah máa ń ka kóòdù yẹn bí àwọn ìyá ìjọ ṣe ń ka Sáàmù, tí ètè wọn ń mì láìsí ohùn.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kòtò ń sọnù. Hàbíbátù á tẹ gbogbo kòtò àdúgbò Laranto wọlé láàárọ̀, iná á lọ lọ́sàn-án, nígbà tí iná bá fi máa dé, ìdajì Laranto ti di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Kòtò tí ìjọba kò rí dí látọjọ́ yìí, a dí i lójúmọ́ kan.

Ọ̀gá wa, Olúgbóyèga, ẹni tí ikùn rẹ̀ máa ń wọ yàrá kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé, wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màdáàmù Keziah, ẹ̀rọ yín tún ti jẹun."

"Mo ń wá ibi tí àṣìṣe wà, sà."

"Ẹ ti ń wá a láti ìgbà òjò. Ẹ gbọ́, tó bá tún gbé kòtò kan mì, màá daṣọ bò ó títí ayé, ẹ̀yin náà á sì padà sídìí taipuráítà. Taipuráítà kì í gbàgbé."

"Kì í rántí náà, sà."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ó dáa, sà."

A rẹ́rìn-ín nígbà tó lọ tán, ṣùgbọ́n Keziah kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Kò sí ohun tó burú nínú taipuráítà. Òun ló fi tọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni pé ó ti ráyè wọ inú ohun kan tó máa ń dá a lóhùn tó bá bi í ní ìbéèrè, wọ́n sì fẹ́ lé e síta padà, kó máa tẹ èrò ẹlòmíràn.

Ohun tó kọ́kọ́ fura sí ni ìwà ìkójọ kẹ́nẹ̀lì náà. Ohun tí Hàbíbátù bá tẹ̀, kì í gbé e lójú ẹsẹ̀ sórí díìsìkì, níbi tí ohun tí a tẹ̀ máa ń wà bí iná tilẹ̀ lọ. Ó máa ń kó o jọ sínú orí ara rẹ̀ ná, kó lè gbé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí iná kì í ti í lọ, ọgbọ́n nìyẹn. Ní Jos, bí ẹni ń kó ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí ni. Keziah yí i padà, ó ní kó máa gbé ohun gbogbo lọ sórí díìsìkì bó bá ṣe ń dé. Ni ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí arúgbó tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Jos. Hàbíbátù á tẹ ìlà kan, á lọ kí àwọn ará ọ́fíìsì kejì, á béèrè ọmọ, á béèrè òtútù, á padà wá bá ẹ̀rọ níbi tó fi í sí.

"Àǹtí, kí lẹ ṣe fún un?"

"Ó ń ṣọ́ra ni."

"Hàbá. Ìṣọ́ra yìí mà pọ̀, Àǹtí. Ó kù díẹ̀ kó ní òun ń lọ gba ìwé ìfẹ̀yìntì."

Keziah ì bá fara mọ́ yẹ̀yẹ́ yẹn tí ìdààmú náà bá tán. Iná lọ, iná dé, kòtò tún sọnù. Ó bá Hàbíbátù tún wọn tẹ̀ wọlé kí Ọ̀gá tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa kan. Nígbà ọyẹ́, tí iná bá lọ, kò sẹ́ni tó ń jókòó sínú ilé. Ìta ni gbogbo wa ń lọ, a ó to ara wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí alángbá, a ó máa yáòòrùn. Kò sì sẹ́ni tó ń pa súìsì kankan. Gílóòbù tí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ fún wa láti ojú fèrèsé pé iná ti dé. Tí o bá pa á, o ti sọ ara rẹ di ẹni tó máa jókòó sóòrùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Keziah wà láàárín wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń jẹ ẹ̀pà. Gílóòbù tàn, Hàbíbátù dìde. Gílóòbù kú, ó jókòó. Ó tún tàn, ó tún dìde. Ó tún kú.

"Hàbíbátù, mú ọ̀kan," ẹnì kan wí. "Ìjókòó tàbí ìdúró."

Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, àfi Keziah. Ẹnu rẹ̀ ti dúró lórí ẹ̀pà. Ó ń gbọ́ díìsìkì láti inú yàrá: gìrìgìrì, ó dákẹ́, gìrìgìrì, ó tún dákẹ́.

"Nígbà tí iná lọ, ṣé o pa kọ̀ǹpútà?"

"Rárá, Àǹtí. Tí mo bá pa á, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé iná ti dé?"

"Gílóòbù wà níbẹ̀."

"Gílóòbù lè ti jó. Kọ̀ǹpútà kì í parọ́."

Keziah gbọn eèpo ẹ̀pà kúrò lára, ó sì wọlé. Láti ìgbà òjò, bí ẹ̀rọ ṣe ń kú ló ti ń kà nínú kóòdù. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ ka bó ṣe ń jí. Àṣìṣe náà jókòó síbẹ̀. Bí kẹ́nẹ̀lì bá ti jí, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni pé ó ń pa àkọsílẹ̀ àwọn ààyè tó ṣófo lórí díìsìkì rẹ́, kó tó kọ tuntun. Tí iná bá lọ láàárín méjèèjì, àkọsílẹ̀ náà ti bàjẹ́. Nígbà tó bá tún jí, á rò pé ilẹ̀ òfìfo ni ibi tí Laranto wà, á sì kọ́lé lé e lórí.

"Lílọ iná kọ́ ló ń dà wá láàmú, sà," ó wí fún Ọ̀gá. "Dídé rẹ̀ ni."

"Kò sí wàhálà nígbà náà. Tí iná bá ti lọ, kí gbogbo ènìyàn pa súìsì. Mo ti pàṣẹ."

Ó fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sára ògiri. Lọ́jọ́ kejì iná lọ, gbogbo wa sáré lọ sóòrùn, a fi ìkìlọ̀ náà sílẹ̀ nínú òkùnkùn kó máa ka ara rẹ̀. Nígbà tí iná dé, ohun tó kọ́kọ́ yí ni fáànù Ọ̀gá fúnra rẹ̀, nínú ọyẹ́.

Kò ya Keziah lẹ́nu. Ó ní gbogbo gílóòbù ilé òun náà ló wà ní títàn níbi tí wọ́n wà yẹn. Ó ní ẹni tó fi súìsì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláìbìkítà. Ó ń retí ni, a kò sì lè pàṣẹ fún ènìyàn pé kó má retí mọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́nẹ̀lì ṣeé bá sọ̀rọ̀. Gbogbo kóòdù rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, kò sí ẹni tó máa sọ pé àlejò ni òun nínú rẹ̀.

Ohun méjì ló ṣe. Ó ní kí ẹ̀rọ kọ àkọsílẹ̀ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kó má sì fọwọ́ kan ti àtijọ́ títí tuntun á fi parí. Lẹ́yìn náà, ó ní tí ẹ̀rọ bá jí, kó má ṣe sún mọ́ díìsìkì rárá. Kó kọ́kọ́ bi wá sójú síkírínì pé: *Ṣé ènìyàn wà níbẹ̀?* Àfi tí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì kan láti dá a lóhùn ni kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀gá gbọ́, ó wá dúró sí yàrá kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí iná tún lọ. Iná dé. Ìbéèrè náà yọ. Hàbíbátù na ọwọ́, Keziah dì í mú. Iná lọ. Ó tún dé, ìbéèrè tún yọ.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ ká lọ jẹun," ni Ọ̀gá wí.

"Ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ ná, sà."

Ó tún lọ. Nígbà tó padà dé, ó dúró. A gbọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ ọkà lódìkejì títì, tó ń lọ, tí kò dákẹ́. Keziah fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún Ọ̀gá.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, sà."

Ọ̀gá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń yẹ irin gbígbóná wò. Díìsìkì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Hàbíbátù mú ìwé awọnlẹ̀, ó ń pe kòtò Laranto lọ́kọ̀ọ̀kan, Keziah ń dáhùn láti ojú síkírínì: ó wà, ó wà, ó wà. Kò sí èyí tó sọnù.

Ọ̀gá gba ìwé awọnlẹ̀ lọ́wọ́ Hàbíbátù, ó pa á dé. "Ó dáa," ó wí. "Ẹ tẹ Jenta wọlé lọ́la."

Keziah kọ àtúnṣe méjèèjì sórí díìsìkì pẹlẹbẹ kan, ó sì fi í ránṣẹ́ sókè òkun. Ó pẹ́ débi pé a gbà pé ẹsẹ̀ ni díìsìkì náà fi ń la aṣálẹ̀ kọjá. Ìgbà òjò ni èsì dé, pẹ̀lú ẹ̀dà ètò tuntun. Wọ́n gba ti àkọsílẹ̀, wọ́n sì dúpẹ́ gan-an. Wọn kò gba ti ìbéèrè. Wọ́n ní ó yẹ kí ẹ̀rọ lè jí láìsí ènìyàn nítòsí, àti pé kí ló dé tí ẹnì kan máa fi súìsì sílẹ̀ ní títàn nígbà tí kò sí iná?

Inú bí wa. Hàbíbátù ní kí wọ́n kó gbogbo wọn wá yáòòrùn ní Jos lọ́sàn-án ọjọ́ kan péré, wọ́n á lóye. Keziah ní wọn kò ṣẹ̀ wá.

"Ẹ̀rọ tiwọn ń jí nígbà tí kò sẹ́ni nílé. Ibi tí wọ́n wà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ibi tí mo wà lèmi náà kọ ọ́ fún."

Ó ti ẹ̀dà tuntun náà bọ inú ẹ̀rọ, ó sì ní kí Hàbíbátù ṣì dúró. Ó wá ibi tí kẹ́nẹ̀lì ti ń jí, ó sì tún tẹ àwọn ìlà tí wọ́n kọ̀ náà padà síbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìwo ìwé. Gbogbo ẹ̀dà tó dé lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe sí i, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sídìí ẹ̀rọ náà kó tó parí.