Ìyá Fáànù Fún Ẹ́ńjìnnì Ní Èémí

Àwọn mẹkáníìkì ló sọ ọ́ ní Ìyá Fáànù, wọn kò sì fi ire sọ ọ́. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò bímọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì fara ti ògiri ọgbà tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tú fáànù tó ti jó, kó yọ wáyà bàbà tó ti dúdú kúrò nínú rẹ̀, kó sì fọwọ́ ká tuntun sí i, ìlà lórí ìlà, títí fáànù á fi tún máa yí. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, tí àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, ó kẹ̀yìn sí wọn. Ó wọlé, ó gbé ọ̀dà pupa, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè ilẹ̀kùn rẹ̀: ÌYÁ FÁÀNÙ. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rín ti gbẹ nínú orúkọ náà. Wọ́n ń pè é, ó ń jẹ́.

Ó ní ọkọ̀ kan, kékeré, arúgbó, tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọkọ̀ náà kò níṣòro. Ṣùgbọ́n orí òkè ni ilé wà, títì tó lọ síbẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òrùlé. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀, á mí gúlegúle, á dé òkè. Bó bá ti gbé ẹlòmíì, ní ìdajì ọ̀nà ni ẹ́ńjìnnì á ti máa kú lọ. Ẹlòmíì tó sì máa ń gbé kò ju màmá rẹ̀ lọ, ìyá àgbà tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wú. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ sílé ìwòsàn nítorí orúnkún yìí. Tí wọ́n bá ń bọ̀, màmá á sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì òkè, á máa fi ọ̀pá tilẹ̀ gòkè, ọkọ̀ á lọ dúró dè é lókè. Orúnkún ni wọ́n lọ tọ́jú, orúnkún náà ni wọ́n tún fi ń gòkè bọ̀.

Lọ́jọ́ kan, màmá kọ̀.

"Mi ò sọ̀."

"Màmá, ọkọ̀ yìí ò lè gbé wa dé òkè."

"Ọkọ̀ ni ò lè gbé wa, kì í ṣe èmi ni mi ò lè jókòó. Mi ò sọ̀ mọ́. Òní kọ́, ọ̀la kọ́. Ṣebí ohun tó ti kú lò ń mú yí kiri? Mú eléyìí náà gòkè."

Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè. Ìyá Fáànù bẹ̀bẹ̀ títí, màmá kàn ń wo iwájú bí ẹni tí wọn ò bá wí. Ìgbà tó yá, Ìyá Fáànù rọra fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí títí aládùúgbò kan fi wá bá wọn gbé màmá relé. Inú bí i sí ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó rí i pé òótọ́ ni màmá sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọkọ̀ lọ bá olórí àwọn mẹkáníìkì, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá Sípánà. Ọ̀gá Sípánà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó, ó tún un dé.

"Ìyá Fáànù, ẹ́ńjìnnì yìí kéré. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹ bá mi tà á fún àwọn tó ń ra irin."

"Kí ló ń dí i lọ́wọ́ gan-an?"

"Èémí. Afẹ́fẹ́ tó ń fà símú ò pọ̀, epo tó ń jó ò lè pọ̀. Agbára wo lẹ fẹ́ kó rí?"

Ó nu ọwọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé òun ti dá obìnrin náà lóhùn. Bí iná bá ń kú lọ lábẹ́ ìkòkò, ta ló ń lọ ra ìkòkò tuntun? Abẹ̀bẹ̀ la ń fẹ́ sí i. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tí ń fẹ́ atẹ́gùn ni, ọgbọ̀n ọdún rèé tí Ìyá Fáànù ti ń jẹun nídìí ẹ̀.

Ó kọ́kọ́ kánjú. Ó mú fáànù kékeré kan, ó dè é mọ́ ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, ó so ó mọ́ bátìrì, ó sì dojú kọ òkè lójú gbogbo wọn. Òkè tí òun nìkan ti máa ń gùn tẹ́lẹ̀, kò gùn ún dé ìdá mẹ́ta. Ẹ̀rín pa Ọ̀gá Sípánà débi pé ó jókòó sórí táyà. "Ẹ wá wò ó o," ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ pariwo, "Ìyá Fáànù ti fi fáànù fún mọ́tò lọ́rùn!"

Ìròyìn dé etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ìyẹn sì tẹ̀ ẹ́ láago.

"Àbúrò, fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀. Fáànù lo mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, afẹ́fẹ́ ni mo mọ̀. Ẹ jẹ́ n padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ó tú fáànù náà, ó jókòó tì í, ó ronú. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá fa afẹ́fẹ́ le, fáànù kékeré ò lè tì í lẹ́yìn rárá. Ẹnu ọ̀nà ló kàn ń dí. Ó dà bí ẹni tí a ní kó wá bá ni gbẹ́rù, tó wá jókòó sórí ẹrù. Ohun tó ń fẹ́ ni ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ á wọ inú ẹ̀ tí kò ní ráyè padà sẹ́yìn.

Ọ̀dọ̀ káfíńtà kan ló ti rí i, ẹ̀rọ tó ti kú tipẹ́, èyí tí wọ́n fi ń fa ìyẹ̀fun pákó. Àgbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn wà nínú ilé irin tó ká bí ìkarahun ìgbín. Afẹ́fẹ́ ń gba ikùn wọlé, ẹnu kan ṣoṣo ló sì lè gbà jáde. Ìyá Fáànù tú u palẹ̀, ó fi wáyà bàbà tó nípọn ká a láti ìbẹ̀rẹ̀, kí agbára bátìrì lè tó o yí. Àkọ́kọ́ jó. Ìkejì jó, iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ran aṣọ Ìyá Fáànù. Ẹ̀kẹta dúró. Ó kọjú ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó tàn án, ilẹ̀kùn gbá ara rẹ̀ dé, gbàà! Obìnrin kan tó wá gba fáànù rẹ̀ fò sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n dákun má fi irú ìyẹn sí tòun.

Ó de bátìrì mẹ́ta mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó fa wáyà gba abẹ́ ìjókòó, ó sì kan súìṣì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà. Ó fi rọ́bà gbọọrọ so ẹ̀rọ náà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ìgbà àkọ́kọ́ tó tàn án, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú: afẹ́fẹ́ ti pọ̀, epo ò tó o. Ó fi ohun tín-ín-rín ha ojú ihò tí epo ń gbà, ó dán an wò, ó tún ha á. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe èyí nìkan. Ní ọjọ́ karùn-ún, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà.

Ọjọ́bọ̀ pé. Bí wọ́n ṣe ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, Ọ̀gá Sípánà àtàwọn ènìyàn rẹ̀ ti tò sí ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n fẹ́ wòran. Ọ̀gá Sípánà sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀.

"Ìyá Fáànù, ẹ jẹ́ kí màmá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ o."

Màmá yọjú. "Ta ló ní kí n sọ̀? Ìwọ gan-an, wọlé."

"Ẹ̀n?"

"Mo ní kó o wọlé. Àbí o ò gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà ni?"

Ojú pọ̀ lára rẹ̀, kò lè kọ̀. Ó ká ara rẹ̀ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ọkọ̀ sì tẹ̀ sápá kan. Ìyá Fáànù wo màmá rẹ̀ bí ẹni pé kó sunkún. Ṣé ẹrù ẹni méjì ò tó ni? Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀. Ó tẹ iná.

Wọ́n gun díẹ̀. Wọ́n dé ibi tí màmá ti máa ń sọ̀, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọkọ̀ ń fẹ́ dúró. Ìyá Fáànù tẹ súìṣì. Nǹkan ké lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, hùùù, bí ẹ̀fọn tó tóbi tó ewúrẹ́. Ọkọ̀ mí kanlẹ̀, ó kó ara jọ, ó sì gbà á lọ. Wọ́n kọjá géètì aláwọ̀ ewé, wọ́n kọjá ilé olókè méjì. Màmá ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ ọkọ̀: "Gbé e lọ! Gbé e lọ!" Ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí wọ́n dé òkè ni rọ́bà yọ, pàú! Agbára jáde lára ẹ́ńjìnnì. Ìyá Fáànù kò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Eré tí ọkọ̀ ti ń sá bọ̀ ló fi yí gbirigbiri gun èyí tó kù, ó sì dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú níwájú ilé.

Ọ̀gá Sípánà bọ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Rọ́bà ti yọ."

"Mo gbọ́ ọ," ni Ìyá Fáànù wí.

"Ìyẹn ni pé kò ṣiṣẹ́."

Màmá kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ojú fèrèsé dá a lóhùn: "Orí òkè lo ti ń sọ ọ́ o."

Ìyá Fáànù fi ìdè irin méjì dípò ẹyọ kan, rọ́bà kò sì yọ mọ́. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè: bátìrì ò lè gun òkè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí wọ́n tó tún gba iná sí i, kò sì sí ohun tí ẹ̀rọ náà wúlò fún lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Màmá ò tún fẹsẹ̀ gun òkè náà mọ́.

Lẹ́yìn oṣù kan, awakọ̀ kan tí ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ kì í lè gòkè wá bá Ìyá Fáànù ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá Sípánà ló ní kó wá.

"Kí ló ní kẹ́ ẹ sọ fún mi?"

"Ó ní kẹ́ ẹ bá mi wò ó, bóyá ó ṣeé ṣe."

"Ẹ sọ fún un pé kó wá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Kò pẹ́, Ọ̀gá Sípánà wọlé, ó dúró, ó ń wo àwọn wáyà tó kún ilẹ̀. "Ìyá Fáànù, ẹ kú iṣẹ́ o," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ẹ wá bá wa fún eléyìí náà léèémí."

Ìyá Fáànù ò gbójú sókè títí ó fi ká ìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

"Ẹ jókòó," ló wí. "Ẹ bá mi di orí wáyà yìí mú. Ẹ má jẹ́ kó dẹ̀."

Ọ̀gá Sípánà jókòó, ó dì í mú.